Òógùn Tí Mo Ń Gbé Bọ̀ Láti Gounghin

Bí mo bá sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ouagadougou fún àwọn ará ilé wa ní Nàìjíríà, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Òógùn ni mo ń gbà lára ènìyàn. Mo ń gbà á, mo ń tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàa bàjẹ́, mo sì ń gbé e fún dókítà tó ń fi í ṣèwádìí.

Dókítà yìí kì í tọ́jú aláìsàn. Ọmọ Burkina ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ohun tó ń wá ni bóyá a lè ti ara òógùn mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta: iye iyọ̀ tó ń jáde lára wọn, àti bí ìnira náà ṣe pọ̀ tó fún ara wọn. Ó ní bí ó bá ṣeé ṣe, kò ní sí ìdí láti máa gún wọn lábẹ́rẹ́ torí ẹ̀jẹ̀. Ìwé girama ni mo kà mọ, kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá sí ìlú yìí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Faransé, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, mo sì máa ń wo aago. Dókítà sọ fún mi pé nítorí nǹkan mẹ́ta wọ̀nyẹn lòun fi gbà mí.

Iṣẹ́ náà kò le. Àlẹ̀mọ́ kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, òwú funfun sì wà láàárín rẹ̀. N ó fi omi tó mọ́ nu apá ẹni náà, n ó nù ún gbẹ, n ó rí i pé kò sí òrí tàbí ìpara kankan lára rẹ̀, n ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láàárín ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá. Á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà n ó fi ẹ̀mú yọ òwú náà, n ó kì í sínú sìríǹjì, n ó fún òógùn inú rẹ̀ sínú ìgò rọ́bà kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, n ó sì tò ó sáàárín yìnyín nínú kúlà. Bí mo bá dé láàbù, ó di inú fìrísà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́. Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ mo ti wà ní àdúgbò Tampouy, lọ́dọ̀ àwọn márùn-ún tó ń tún alùpùpù ṣe. Mo máa ń dúró tì wọ́n títí di aago mẹ́wàá ààbọ̀ tí mo bá yọ tiwọn. Láti ibẹ̀, ó di Gounghin, ní ṣọ́ọ̀bù Alájì kan, ọmọ Yorùbá tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni mo máa ń lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ lára ní nǹkan bí aago mọ́kànlá kọjá. N ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má yọ ọ́ o, kí wọ́n má sì wẹ̀. N ó wá gbé òógùn àwọn ará Tampouy lọ sí láàbù, n ó sì padà wá yọ ti Gounghin ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ibi tí mo ti ṣe ohun tí kò yẹ ni ìgbà tí mo bá ń gbé ti Gounghin yẹn padà lọ sí láàbù. Ebi á ti máa pa mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Paspanga, kò sì jìnnà sí ọ̀nà mi. N ó gbé alùpùpù mi sábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, kúlà á wà lẹ́yìn rẹ̀, n ó wọlé lọ jẹun. Mo ní ìwé tí mo ń kọ gbogbo aago sí, tí dókítà kò tíì béèrè rí. Aago tí mo kúrò ní Gounghin wà níbẹ̀, aago tí mo dé láàbù wà níbẹ̀. Paspanga kò sí níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin, tí ooru mú débi pé irin alùpùpù ń jó ni lọ́wọ́, mo jẹun tán, mo ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo dé láàbù, yìnyín ti di omi, omi náà sì ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo kó àwọn ìgò náà sínú fìrísà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà pè mí sí búrò rẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì. Èsì dé. Ó yí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Táńtì, ìyẹn àǹtí, ló máa ń pè mí.

Ó ní, "Táńtì, ẹ wo ti Tampouy. Ó dára. Ẹ wá wo ti Gounghin."

Iyọ̀ inú òógùn Gounghin kéré gan-an, gbogbo nǹkan yòókù náà kéré, bí ọbẹ̀ tí wọ́n da omi lé. Kì í ṣe ọjọ́ kan péré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọjọ́.

"Àbí ó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà ni?" Ó ń fi pẹ́ńsù lu tábìlì. "Ohun tí àwọn tó ń fún wa lówó iṣẹ́ ń bi mí láti òkè òkun gan-an nìyẹn. Wọ́n ní òógùn kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru báyìí, pé kí n fi hàn wọ́n pé tiwa kì í bàjẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí a máa bá a lọ. Táńtì, tààrà lẹ máa ń bọ̀, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mi ò rántí ìgbà tí mo parọ́ kẹ́yìn kí n tó mi orí yẹn. Mo jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìrísà, mo ń wo iná pupa kékeré ara rẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Bí òógùn bá ti bàjẹ́, iṣẹ́ dókítà ti bàjẹ́, tèmi ti parí, èmi ni mo sì bà á jẹ́ nítorí àwo oúnjẹ kan.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń to bọ́tìnnì sínú agolo, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Òógùn. Òógùn tí ọkọ mi ń nù dànù lójoojúmọ́ ayé. Ìyẹn ló ń bàjẹ́?"

"Àǹtí mi, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ó lè bàjẹ́ bí ẹran."

"Ó dáa, o kò ní jẹun níbí mọ́?"

"N kò ní yà mọ́."

"Ebi á wá pa ọ́ lórí alùpùpù, wàá ṣubú, wọn á wá gba òógùn tìrẹ náà." Ó da bọ́tìnnì sílẹ̀, ó wò mí. "Lọ sọ fún ọkùnrin náà. Ṣé ó fẹ́ pa ọ́ jẹ ni?"

Mi ò lọ sọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò sọ. Mo ń bọ̀ tààrà láti Gounghin, ebi ń pa mí, mo sì ń kọ aago sílẹ̀ bí ẹni tó mọ́ lọ́wọ́.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló fà á yọ lẹ́nu mi, kò sì mọ̀ pé òun ń fà á. Ó ní òun fẹ́ dán òógùn wò. A ó gba òógùn ẹnì kan, a ó pín in sínú ìgò púpọ̀, a ó fi ọ̀kan sínú fìrísà lójú ẹsẹ̀, a ó fi àwọn yòókù síbi ooru fún oríṣiríṣi wákàtí, a ó wá wò ó bóyá wọ́n ṣì bára mu. Bí wọ́n bá bára mu, a jẹ́ pé òógùn lè fara dà á. Ó mú ìwé, ó ní:

"Táńtì, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà náà. Èyí tó pẹ́ jù nínú kúlà, ẹ ní wákàtí mélòó? Ọ̀kan? Kí n kọ wákàtí kan ààbọ̀ kí ó lè rọrùn fún wa?"

Ó ti gbé bírò. Bí mo bá ní kí ó kọ ọ́, yóò dán wákàtí kan ààbọ̀ wò, èsì yóò dára tàbí kí ó burú, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ti òógùn tó wà nínú fìrísà yẹn. Gbogbo ìdánwò náà yóò di irọ́, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mo rí i pé mo lè gbé irọ́ tèmi, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ìyẹn.

Mo ní, "Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Yìnyín ti yọ́ pátápátá. Mo ń yà jẹun ní Paspanga, Dókítà. Lọ́jọ́ kan mo sùn lọ. Ẹ bi mí, mo sì parọ́ fún yín."

Fáànù inú búrò ń yí lórí wa. Ó wá kọ ọ́: wákàtí méjì, ogójì ìṣẹ́jú, yìnyín ti yọ́.

"Kúlà wà nínú oòrùn?"

"Abẹ́ igi ni. Ṣùgbọ́n òjìji igi yẹn máa ń yí kúrò tó bá di aago mẹ́ta ààbọ̀."

Ó kọ ìyẹn náà. Ó ní, "A ó ṣe wákàtí mẹ́ta nínú kúlà tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́, ìdajì rẹ̀ nínú oòrùn." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹun, èmi kò sì bi yín rí. Ta ni yóò fún wa lóógùn?"

Mo ní kí ó gba tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lẹ àlẹ̀mọ́ mẹ́rin mọ́ mi lápá, mo wọ bàtà pẹlẹbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọgbà láàbù ká nínú oòrùn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé àga rẹ̀ wá síbi tí ó ti lè rí mi.

Ó ní, "Táńtì, ta ni ẹ ń sá fún?"

"Kò sí ẹni tí mò ń sá fún. Òógùn ni mò ń wá."

"Ní Ouaga? Ẹ jókòó síbí, á wá bá yín!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ká lẹ́ẹ̀kẹwàá, ó ti ń kà á fún mi, ó sì ń yọ ìka sókè. Ní ìgbà ogún ó gbé omi wá. Mo ní "Barka," ó ní kí n má dúpẹ́, kí n gbé ẹsẹ̀, ìyàwó òun lè rí wa kí ó rò pé òun ló ń lé mi.

Òógùn tí a rí tó ìgò méjìlá. Ọ̀kan wọ fìrísà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan wà lórí tábìlì. Mẹ́ta wọ kúlà, mo sì gbé kúlà náà sábẹ́ igi, mo gbé e sínú oòrùn nígbà tí aago tó. Ọ̀kan wà lójú fèrèsé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. A kó mẹ́fà yòókù sínú fìrísà, a mú wọn jáde kí wọ́n yọ́, a dá wọn padà, a tún mú wọn jáde, ní ìgbà mẹ́ta. Èmi ni mo kọ gbogbo aago. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ibi kankan tí mo fò.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi retí èsì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, dókítà kò pè mí sí búrò. Ó sáré wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ kúlà.

"Táńtì! Òógùn yín lágbára ju èmi gan-an lọ!"

Gbogbo wọn bára mu. Èyí tó sùn lójú fèrèsé nìkan ló yàtọ̀, kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Ti inú kúlà tí yìnyín rẹ̀ yọ́ dà bí ti inú fìrísà gẹ́lẹ́. Mo ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo jókòó sórí ìdérí kúlà, omi ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Oúnjẹ Paspanga kò ba nǹkan kan jẹ́. Oorun tí mo sùn kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ìgbà tí mo ń nu ọwọ́ ni dókítà wá ní, "Ṣùgbọ́n, bí kì í bá ṣe ọ̀nà ni, kí ló wá ń ṣe òógùn Gounghin?"

Ohun tí mo dáhùn ni pé n ó jókòó tì wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mi ò tíì dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí, nítorí ti Tampouy tí mo ní láti gbé lọ. Dókítà rán ẹlòmíràn lọ gba ti Tampouy.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá fi àpótí kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Alájì wò mí títí. Ó ju mí lọ ní ọdún bíi mẹ́wàá, àpárá rẹ̀ kì í sì tán; Ìyá Ìjọ ló ń pè mí, torí pé onígbàgbọ́ ni mí.

"Ìyá Ìjọ, ṣé ọlọ́pàá lo dà lónìí ni?"

"Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, Alájì."

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Ṣé mo ń làágùn dáadáa?"

Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ń gbé táyà, wọ́n ń gun àkàsọ̀, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àlẹ̀mọ́. Aago kan kù díẹ̀, mo gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì títì. Alájì bọ́ fìlà, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú búútà rọ́bà tó kún fún omi, ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, mo sì fojú bá a lọ.

Ó fọ ẹnu, ó fọ imú, ó bọ́jú. Nígbà tó kan apá, ó fi èékánná gbé etí àlẹ̀mọ́ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí ìwé Kùránì. Ó ṣí i dé ìdajì, ó fi eyín mú etí rẹ̀, ó da omi sí apá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó fi ọwọ́ ra á dáadáa, omi sì ń wọ inú òwú náà. Ó wá mú áńkáṣíìfù, ó nu ibẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ àlẹ̀mọ́ náà padà, ó tẹ̀ ẹ́ yí ká. Kò sí ojú ayé tó lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣí i. Àwọn mẹ́ta yòókù ti tò sẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ti ń ṣí tirẹ̀.

Mo dìde. "Alájì! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Ó yí padà, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. "Àlùwàlá ni. Ìwọ kò rí àlùwàlá rí?"

"Àlẹ̀mọ́ ni mo ń sọ! Mo ní kí ẹ má yọ ọ́!"

"Mi ò yọ ọ́. Mo ṣí i ni."

"Mo ní kí ẹ má wẹ̀!"

"Ta ló wẹ̀ níbí? Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ yẹn, mo wẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ní, "Ẹ kò wẹ̀, Alájì." Ẹ̀rín ń pa á.

Alájì gbé búútà sílẹ̀, ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní omi gbọ́dọ̀ kan ara nínú àlùwàlá. Bí nǹkan bá dí omi lọ́nà, àlùwàlá kò pé, ìrun kò sì pé. "Bí ó bá jẹ́ egbò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀sìn yọ̀ǹda pé kí n fi ọwọ́ tútù pa á lórí. Ṣùgbọ́n kò sí egbò níbí. Òógùn tìrẹ ni. Ṣé kí n lọ sọ fún Ọlọ́run pé Ìyá Ìjọ ló ní kí n má ṣe àlùwàlá?"

"Ẹ kò wá sọ fún mi láti ọjọ́ yìí!"

"O kò bi mí. Mo sì rí i pé nǹkan náà ṣe pàtàkì fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọra lẹ̀ ẹ́ padà. Wò ó, ṣé ó ká níbì kankan?"

Kò ká níbì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè dá a dúró. Àwọn ará Tampouy náà ń kírun o. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo ti ń yọ tiwọn, kí ìrun ọ̀sán tó tó. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń gbé omi búútà Alájì la ìlú já nínú yìnyín.

Mo pe dókítà lórí fóònù níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tán, ó ní kí n mú fóònù fún Alájì. Faransé Alájì kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé, "D'accord, d'accord. Ẹ̀yìn ni. D'accord." Dókítà ti sọ pé a ó kúrò lápá pátápátá, ti Tampouy náà, a ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, láàárín èjìká méjèèjì, níbi tí àlùwàlá kì í dé.

Alájì dá fóònù padà fún mi. "Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni wàá lẹ̀ ẹ́ o. Ìyàwó mi á bi mí pé obìnrin wo ló ń nu ẹ̀yìn mi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo kọjú sí pákó tí wọ́n to ṣéènì alùpùpù sí, mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó bọ́ aṣọ, mo ń kọ́ wọn. "Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi ìka kan òwú. Ẹ tẹ etí rẹ̀ yí ká." Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń bú ara wọn lẹ́yìn mi: "Ọwọ́ rẹ tutù!" "Dúró jẹ́ẹ́, ṣé ewúrẹ́ ni ọ́?" Lẹ́yìn tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tán, mo ní kí wọ́n fi hàn mí láti ọrùn. Ó dúró gbọnyin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, dókítà fi èsì hàn mí. Gounghin àti Tampouy ti ń rìn pọ̀. Àwọn ìgò àtijọ́ ti Gounghin wọ àpótí ọ̀tọ̀, a kọ ohun tó ṣe wọ́n sára rẹ̀. Ti Tampouy wà bó ṣe wà, ó sì dára. Wọ́n ti ní kí iṣẹ́ náà máa tẹ̀ síwájú. Dókítà ní kí n máa yà jẹun, ó kàn ní kí kúlà máa bá mi wọlé.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará Gounghin pé òógùn wọn ti pé, ọ̀rọ̀ náà di ìjà.

Alájì ní, "Ti ta ni iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù? Sọ òótọ́."

"N kò lè sọ ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn, Alájì."

"Tèmi ni. Ojú rẹ ti sọ ọ́."

Ẹni tó wà lórí àkàsọ̀ ní, "Tiyín báwo? Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó gbowó láti àárọ̀! Èmi ni mo ń gbé táyà!"

"Gbígbé táyà wo? Táyà méjì lo gbé lánàá, o sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin!"

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń fún òógùn wọn sínú ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wúwo nínú sìríǹjì, ó dán, ó kún ojú ìwọ̀n. Mo de kúlà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Wọ́n ṣì ń jiyàn nígbà tí mo tan ẹ́ńjìnnì, Alájì sì ń pariwo tẹ̀lé mi pé kí n rọra gbé tòun, kí n má bàa gbọ̀n ọ́n dànù.